Bàálù ogun àtòpọ̀: èwo ni kí ẹni tó wà n'Ífẹ̀ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to bàálù ogun kéékèèké oníke, irú èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú páálí tí a ó fi gúlù lẹ̀ pọ̀, àwòrán ara páálí ló máa ń kọ́kọ́ wò ó lójú. Ó ti sanwó tán kó tó béèrè ohun tí yóò fi kùn ún. Òdìkejì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa níbí. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tí ọwọ́ yín lè tẹ̀, tí ẹ sì lè lò nínú yàrá yín láìdààmú ará ilé, kí ẹ tó yan bàálù tó bá a mu. Ike inú páálí kì í dá wàhálà sílẹ̀ lọ́nà. Ọ̀dà àti gúlù ló ń dá a sílẹ̀.

Ọ̀dà ọ́ìlì àti ọ̀dà olómi

Ọ̀dà ọ́ìlì, irú èyí tí Humbrol ń rọ sínú agolo kékeré oní-mílílítà 14, ni ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, nítorí kì í tètè gbẹ, ipa búrọ́ọ̀ṣì á ti tẹ́jú kó tó le. Ṣùgbọ́n ó ń rùn. Ẹni tó gba yàrá kan ṣoṣo ní Mayfair, tí bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ jọ wà lójú kan, inú òórùn yẹn ni yóò sùn mọ́jú. Ohun tó ń tètè gbiná sì ni, òun àti tínà tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù wọlé kì í fẹ́ gbà á. Páálí yín lè dé, kí ọ̀dà má dé.

Ọ̀dà olómi, tí wọ́n ń pè ní ákírílíìkì, ni mo yàn fún ẹni tuntun. Ẹ má kàn ra èyí tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀ o, nítorí wọn kò rí bákan náà. Vallejo, tí wọ́n ń ṣe ní Sípéènì, wà nínú ìgò tó ń kán tótó, omi lásán la fi ń pò ó, ó sì máa ń yọ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í di ike mú dáadáa. Ẹ gbọ́dọ̀ fi omi ọṣẹ fọ ike náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì kun práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i kí Vallejo tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èékánná lásán á ṣí i kúrò. Tamiya ti Jàpáànì ní ọ̀dà olómi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí wà nínú èyí. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ìpele kejì á máa hú ti àkọ́kọ́ kúrò. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfọ́ndà ni Tamiya dùn mọ́. Ẹni tó ní búrọ́ọ̀ṣì nìkan, kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà wà ńbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, Vallejo á ti gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì kó tó dé ìyẹ́ bàálù. Ẹ wá ike áísìkírìmù tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ fóòmù tó rin sínú rẹ̀, ẹ fi pépà tí wọ́n fi ń yan kéèkì bo fóòmù náà, orí pépà yẹn ni kí ẹ ti máa bu ọ̀dà. Bí ẹ bá dé e, ọ̀dà yẹn lè wà ní tútù di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò ńkọ́? Fánìṣì tí kì í dán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin tí ẹ wá fín in, funfun bí ìkúukùu lè bo gbogbo iṣẹ́ yín. Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá yọ.

Ohun tí wọ́n ń tà nígboro

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ pé ẹ ń kun nǹkan yóò ní kí ẹ lọ bá àwọn tó ń fín mọ́tò. Wọ́n á sì dá yín lóhùn dáadáa: “Ẹ̀gbọ́n, tínà wa ò ṣé e kọ̀, irin gan-an ló ń fọ̀.” Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ni kí ẹ ṣe sá fún un. Ẹ kán ẹ̀kán kan tínà yẹn sórí igi ike tí àwọn ẹ̀yà bàálù so mọ́, kí ẹ wò ó: ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ dán, á rọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ìlà ìka yín á kù síbẹ̀. Bó ṣe máa ṣe ìyẹ́ Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, náà nìyẹn. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín sára mọ́tò ṣeé lò bí ẹ bá fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n orí igi ike yẹn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Gúlù náà ní tirẹ̀. Súpà gúlù wà ní Ọjà Titun àti ní ibi gbogbo, ó sì ń mú kíá, àmọ́ èéfín rẹ̀ á fi funfun bo gíláàsì tó bo orí awakọ̀, bí ẹ bá sì ti fi nǹkan lé ibi tí kò tọ́, ó parí. Gúlù tí wọ́n ṣe fún ike yìí gan-an yàtọ̀. Ṣe ló ń yọ́ ẹnu ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Ti inú tíúbù máa ń fà bí okùn, ó sì máa ń kún jù. Contacta ti Revell ní ẹnu abẹ́rẹ́, ó rọrùn fún ẹni tuntun. Tamiya Extra Thin tó ní ìdérí àwọ̀ ewé ló wù mí jù nínú gbogbo wọn: ẹ ó kọ́kọ́ so ẹ̀yà méjì pọ̀, ẹ ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì inú ìdérí rẹ̀ kan ojú ìpàdé wọn, gúlù náà á sáré gba inú lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń gbiná ni òun náà o, ẹ bi ẹni tó ń kó ẹrù léèrè kí ẹ tó sanwó.

1/72 tàbí 1/48

Nọ́ńbà yìí ni iye ìgbà tí wọ́n pín bàálù gidi. Ẹ wo bí ìyẹ́ wọn yóò ṣe gùn tó, láti orígun dé orígun:

Spitfire: sẹ̀ǹtímítà 15.6 ní 1/72, 23.4 ní 1/48
MiG-17: 13.4 àti 20.1
Alpha Jet: 12.7 àti 19
C-130 Hercules: 56 àti 84

Ẹ ti rí i pé C-130 kì í ṣe ti yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ dandan, ẹ wá ti 1/144. Fún àwọn yòókù, 1/72 kò wọ́n tó 1/48, ọ̀dà díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Ibi tí 1/48 ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni inú ibùjókòó awakọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lo awò, kó san owó lé e, kó ra 1/48.

Airfix, Tamiya, Revell

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe bàálù yìí, ẹ̀yà ti Tamiya ló ń wọra wọn jù, ó sì ń gbowó rẹ̀. Ti Revell àti Airfix, ọdún tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀dì, ìyẹn irin tí wọ́n ń rọ ike sí, ló ń sọ bó ṣe máa rí. Láti 1953 ni Airfix ti ń ta Spitfire, páálí tuntun sì lè gbé mọ́ọ̀dì tó ti dàgbà ju ẹni tó ń rà á lọ. Nínú ti àtijọ́, ìlà ara bàálù máa ń yọ sókè dípò kó wọnú, ẹnu ìsopọ̀ a sì máa là, ẹ ó wá máa fi pọ́tì dí i, ẹ ó máa fi sándípépà há a. Ẹ tẹ orúkọ kíìtì náà sórí Scalemates, ìkànnì tó ní àkọsílẹ̀ àwọn kíìtì, yóò fi ọdún mọ́ọ̀dì hàn yín.

Èyí tí mo máa ní kí ẹni tó wà n'Ífẹ̀ kọ́kọ́ rà ni páálí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Airfix ní 1/72, èyí tí wọ́n to ọ̀dà olómi, búrọ́ọ̀ṣì àti gúlù sínú rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ kò pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sì dára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìfọ́ndà lè dúró ná. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ iná, iná NẸ́PÀ sì lè lọ nígbà tí ẹ kun ìyẹ́ kan tán tí ẹ̀kejì ṣì kù.

Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà lẹ fẹ́

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ èyí, ó sì ṣeé ṣe. MiG-17 tí ilé iṣẹ́ ológun òfurufú wa lò nígbà ogun abẹ́lé wà láti ọ̀dọ̀ Airfix ní 1/72. Alpha Jet wà láti ọ̀dọ̀ Revell ní 1/72 àti Kinetic ní 1/48. MiG-21MF tí wọ́n gbà ní 1975 wà láti ọ̀dọ̀ Eduard ní 1/72 àti 1/48. Ẹ má retí sítíkà Nàìjíríà nínú páálí, ó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ àmì wa rọrùn ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ: òbìrípo àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń ṣe pírìńtì lẹ́nu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá mú pépà sítíkà olómi, irú èyí tí wọ́n ń rẹ sínú omi kó lè ṣí, tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ wọn lọ, ṣùgbọ́n funfun ni kí pépà náà jẹ́. Ẹ̀rọ pírìńtì kì í tẹ àwọ̀ funfun, bí pépà bá sì mọ́ gaara, àwọ̀ ara bàálù ló máa hàn níbi tó yẹ kó funfun.

Ẹni tó bá mú Alpha Jet tàbí MiG, ohun kan tún kù tí ẹni tó ra Spitfire kò ní rà. Ẹsẹ̀ ìdí ni Spitfire fi ń jókòó. Àwọn wọ̀nyí ní táyà nímú, bí imú kò bá sì wúwo, ìdí ni wọ́n máa fi lélẹ̀. Kí ẹ tó lẹ ara bàálù pọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe báláǹsì táyà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òjé àlòkù, ẹ fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú imú, kí ẹ sì fi téèpù so ara bàálù pọ̀ láti dán an wò bóyá yóò dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.