Ìrìn wákàtí méjì ní Šibenik, ìlú tí wọ́n fi òkúta ṣe òrùlé

Bíríkìlà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, London ni mo ti ń ṣe é báyìí, ó sì ti di ọdún 26. Nígbà tí ìyàwó mi ní ká lọ lo ìsinmi ní Kroatíà, òkun ló wà lọ́kàn tiẹ̀. Èmi ti gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Šibenik, ìlú kékeré tó wà níbi tí odò Krka ti ń ṣàn wọ Òkun Adriatic, pé òkúta ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Yúrò 20 la san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìrìn wákàtí méjì. Ìyá kan tí yóò ti tó ẹni 60 ọdún, ọmọ bíbí ìlú náà, ló mú wa káàkiri. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn kò sì kánjú.

Kàtídírà Jákọ́bù Mímọ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1431 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, 1535 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Juraj Dalmatinac di ọ̀gá iṣẹ́ náà ní 1441, kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1473. Nikola Firentinac ló wá tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Kò sí pákó nínú òrùlé yẹn, kò sí bíríkì. Òkúta pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n gbẹ́ etí wọn, tí wọ́n sì ki wọ́n bọ ara àwọn òkúta mìíràn tó tẹ̀ bí ọrun, bí káfíńtà ṣe ń ki pákó bọ inú ara wọn. Òkúta tí ẹ bá gbójú sókè wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni òjò ń rọ̀ lé lórí lóde.

Ìyá náà mú wa dúró ní àárín gbùngbùn, wọ́n ní ká gbójú sókè, wọ́n sì dákẹ́. Mo ti bá àwọn èèyàn tún òrùlé ilé tí kò tíì pé ọdún 10 ṣe torí pé ó ń jò. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì tijú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, nígbà ogun òmìnira Kroatíà, ọta àgbá ba òrùlé rìbìtì tó wà lókè pátápátá. Wọ́n ti tún un ṣe. Ohùn ìyá náà wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọ́ka sí i.

Lóde, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, orí èèyàn tó lé ní 70 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta yí ògiri ká. Kì í ṣe orí ẹni mímọ́. Ará ìlú ni wọ́n: bàbá onírungbọ̀n, ọmọdé, ẹni tó fajúro, ẹni tó wé láwàní. Wọ́n máa ń pìtàn pé àwọn ahun tí kò dáwó fún iṣẹ́ náà wà lára wọn. Ìyá náà fọwọ́ sí ọ̀kan, wọ́n ní ó jọ ẹ̀gbọ́n àwọn.

Ìtàn ìlú, wọ́n sọ ọ́ ní ṣókí bí a ṣe ń gun òkè: 1066 ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé, nígbà Ọba Petar Krešimir Kẹrin, Venice, ìlú Ítálì, sì jọba lé e lórí láti 1412 di 1797. Lórí odi Míkáẹ́lì Mímọ́, wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà ibi tí odò ti ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1895, omi tó ń já wálẹ̀ ní Skradinski Buk ni wọ́n fi ṣe iná mànàmáná tó tan àtùpà ìgboro Šibenik. Àtùpà epo ni mo fi kàwé ní 1985. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ohun tó dùn mí ni àtẹ̀gùn. Ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ pé ìrìn náà rọrùn fún gbogbo èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń dun ìyàwó mi, ìdí odi ló jókòó sí dè wá. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ kí èèyàn tó sanwó. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n sì fi sọ̀rọ̀ Faust Vrančić, ọmọ ìlú náà tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè márùn-ún ní 1595, tó gbé èdè tiwọn sí ẹgbẹ́ Látìn, Ítálì, Jámánì àti Húngárì. Mo fẹ́ gbọ́ sí i.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí òkúta ojú ọ̀nà wọn ti dán bíi dígí.

Odi Nikólásì Mímọ́ kò sí nínú ìrìn náà. Àwa fúnra wa la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́sàn-án. Òkúta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíríkì ni òkè, láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, omi òkun sì yí i ká. Mo fojú tọ ìlà bíríkì kan láti igun dé igun. Ó ṣì gún.