Bélíìtì orúnkún, MACI àti Agili-C: èwo ló ń mú kèrékèré hù?

Bélíìtì oníná tí wọ́n ń so mọ́ orúnkún ti gbòde ní Iléṣà níbí. Ẹni tó ń tà á á ní ó ń mú kèrékèré hù padà. Irọ́ ni. Kèrékèré tó bo orí egungun kí oríkèé lè máa yọ̀ geere kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó jinná bí ọgbẹ́ ara. Ooru bélíìtì lè mú ìrora fúyẹ́, kí Màmá sì rí oorun sùn. Tí ẹ bá fẹ́ rà á torí ìyẹn, kò burú.

Èyí tó ń mú un hù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbé e sínú orúnkún. FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ohun ìtọ́jú wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí MACI lóṣù Kejìlá ọdún 2016. Wọ́n á bu kèrékèré bíńtín lára aláìsàn fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Vericel á mú un pọ̀ sí i lórí awẹ́ fẹ́lẹ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún náà, wọ́n á gé awẹ́ yẹn bá ojú ihò tó wà lára kèrékèré mu, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi èròjà ẹ̀jẹ̀ ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ o: ara ẹlẹ́dẹ̀ ni awẹ́ náà ti wá. Ẹ bi ààfáà yín kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí gentamicin (oògùn apakòkòrò kan) kì í bá lára mu náà kò gbọdọ̀ lò ó.

Òkúta iyùn inú òkun ni Agili-C, wọn kò fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni FDA fọwọ́ sí i. Wọ́n á gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà wọ inú egungun, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ó parí: iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ni. Tí ọ̀nà méjèèjì bá ṣí sílẹ̀ fún ẹnì kan, Agili-C ni èmi á ní kó bi dókítà rẹ̀ léèrè ná. Ihò tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà oníhàmẹ́rin 1 sí 7 ló wà fún.

Ṣùgbọ́n orúnkún tí kèrékèré rẹ̀ ti jẹ tán, tí egungun ń ha egungun, kò sí èyí tó wà fún un nínú méjèèjì. Ó dùn mí, torí irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀ lára àwọn ìyá wa àgbà. Eré ìdárayá, oògùn ìrora, kí ẹni tó sanra fọn díẹ̀, tàbí orúnkún àtọwọ́dá ni dókítà máa ń bá wọn sọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú Màmá lọ rí dókítà egungun ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, tàbí ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ́síréè á fi egungun hàn, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi kèrékèré fúnra rẹ̀ hàn. Ẹ béèrè bóyá ihò ni àbí ó ti jẹ tán. Tó bá jẹ́ ihò, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.