Kẹ́míìsì tó bi mí pé "Kí lẹ tún ń lò?"

Àwa tí à ń gbé Kàbà mọ̀ pé tí oògùn bá ti kọjá ti ibà àti ti orí fífọ́, Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin ni wọ́n máa ní kéèyàn gbà lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nípa kẹ́míìsì kékeré kan lọ́nà Okene nìyẹn. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Màá sọ ibi tí ìkan tó kù já bọ́ sí.

Télọ̀ ni mí. Lọ́dún tó kọjá, mò ń rí abẹ́rẹ́ tó wà níwájú mi, àmọ́ mi ò rí sísọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Orí ń fọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́jú ibà fún mi níbi tí mo kọ́kọ́ lọ. Ìlọrin ni wọ́n ti ya àwòrán orí mi tí wọ́n rí kókó lára ẹṣẹ́ pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó jókòó sábẹ́ ọpọlọ lẹ́yìn imú. Kókó náà ń tẹ iṣan ojú méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Ó pẹ́ tí mo ti ní kòkòrò HIV lára, mo sì rò pé wọn ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn mí. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i kà mọ́, kò lè dí iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, òun kọ́ ló sì bí kókó yìí. Imú ni wọ́n gbà yọ ọ́. Kò sí àpá kankan níwájú orí mi.

Hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò èròjà cortisol tí ara máa ń ṣe fúnra ẹ̀, ni mo gbé bọ̀ wálé, torí ẹṣẹ́ náà ò lè pàṣẹ fún ara bó ṣe yẹ mọ́. Imú mi wá dí. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ta fluticasone fún mi, oògùn tó bá hydrocortisone tan, èyí tí wọ́n ń fín símú. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Láàárín oṣù 2, ojú mi yi bí òṣùpá. Àwọn oníbàárà ń kí mi: "Okun o, ara ti dé!" Inú mi ń dùn, títí mo fi fi téépù wọn ara mi. Ìbàdí ti fi ínṣì 4 lé, apá ò lé rárá. Èmi tí mò ń wọn èèyàn lójoojúmọ́ mọ̀ pé ara kì í sanra báyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra hydrocortisone níbí, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù wo ojú mi, kò tíì mú oògùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wọnú." Ó ti ilẹ̀kùn. "Kí lẹ tún ń lò?" Mo tú ọ̀rá, mo fi ike oògùn HIV mi hàn án: atazanavir àti ritonavir. "Imú ńkọ́, kí lẹ ń fín sí i?" Ó ṣàlàyé pé ritonavir ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má lè palẹ̀ fluticasone mọ́, ohun tó yẹ kó parí sínú imú á wá máa gbára jọ nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì sọ ojú mi di òṣùpá. Kò pàṣẹ tara ẹ̀ o. Ó pe dókítà mi ní Ìlọrin lójú mi. Wọ́n ní kí n gbé ti imú sílẹ̀, kí n tètè wá ṣàyẹ̀wò, kí n má sì fi hydrocortisone sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ó kọ ọ́ sára páálí oògùn: tí ara bá gbóná, ìlọ́po méjì, tí mo bá ń bì, kí n sáré lọ gba abẹ́rẹ́, kí n má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ọjà wọn wọ́n ju ti Ìlọrin lọ, àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ kòtò ojú ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó ń tajà ló já ìràwọ̀ kan. Lójú èrò ló ti pariwo pé, "Màámi, oògùn yín yẹn náà ni?" Kàbà mélòó ni Kàbà? Mo fẹjọ́ sùn, ọ̀gá bá a wí. Ní báyìí ó ti ń rọra sọ̀rọ̀ débi pé mo ní láti na ọrùn kọjá káńtà kí n tó gbọ́ iye owó.