Piriton, Loratadine àti Cetirizine: Èwo Ló Tètè Ń Pa Ara Yíyún?

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, edé kò sì bá ara mi mu rárá. Bí mo bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀, kì í pẹ́ tí ọrùn àti apá mi yóò fi wú káàkiri bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Histamine ló ń fà á, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tó ń mú kí awọ pọ́n, kí ó wú, kí ó sì máa yún. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dá a dúró kí ara má tú u jáde. Ibi tí ó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń dí mọ́ ọn.

Piriton ni gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà tí a ti ń lò ó mọ́ chloroquine nítorí ara híhún. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 4, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ lò ju hóró 6 lọ lójúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ọpọlọ, oorun rẹ̀ sì le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lò ó, mo tòògbé nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án.

Loratadine, hóró kan ti mílígíráàmù 10 lójúmọ́, kò kùn mí lóorun, àmọ́ ó lọ́ra lára mi.

Iye kan náà ni a ń lò nínú cetirizine lójúmọ́, òun ni mo sì yàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo fi bírò yí ibi kan tó wú ní apá mi ká, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò míníràlì. Kí wákàtí kan tó pé, etí rẹ̀ ti fà sẹ́yìn kúrò lára ìlà bírò náà, ó ku bíi hóró ẹ̀wà kan ní àárín. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú loratadine, ó tó wákàtí mẹ́ta. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi histamine gún awọ ènìyàn wò pẹ̀lú fi hàn pé cetirizine ń tẹ wíwú náà rì ju loratadine lọ. Cetirizine máa ń kun àwọn mìíràn lóorun díẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ bi apòògùn léèrè kí ó tó rà á, nítorí iye tí yóò lò lè dín kù.

Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí mímí sì ń nira, kò sí èyí tó tó o nínú wọn. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló kàn, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Cetirizine ló wà nínú àpò iṣẹ́ mi báyìí. Piriton ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, fún òru tí mi ò bá ní ránṣọ lọ́jọ́ kejì.