Àpótí ekòló alájà mẹ́ta: ó wúlò, àmọ́ ẹni tó ṣe é ò ro ti oòrùn Èkó

Àpótí oníke dúdú tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kí ekòló máa sọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pàntí ilé ìdáná di ilẹ̀dú. Abọ́ mẹ́ta tí ìdí wọn lu jára gun ara wọn lórí, agbada kan wà nísàlẹ̀ tí omi ń ro sí, ẹnu ẹ̀rọ kékeré wà lára rẹ̀, ọmọrí sì bò ó lókè. Ike rẹ̀ nípọn, kò sì gba àyè púpọ̀. Igun bákónì kan ti tó o. Ọmọrí yẹn, ẹnu ẹ̀rọ yẹn àti ìwé ìlànà tó bá a wá ni ìṣòro rẹ̀.

Ihò afẹ́fẹ́ mẹ́rin péré ló wà lára ọmọrí. Níbi tí òtútù wà, ìyẹn tó. Nínú oṣù kẹta l'Ékòó, tí ìta ti ń mú 33 dígírì, inú ike dúdú tí oòrùn ń pa máa ń gbóná ju ìta lọ dáadáa. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu bí 20 ihò sí i, kẹ́ ẹ lẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ọn nínú. Abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ẹ̀yìn ilé ìdáná ló yẹ ẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, torí ekòló kì í fẹ́ ibi tó ń gbọ̀n.

Wọ́n lè fi ekòló pupa òkè òkun, Eisenia fetida, lọ̀ yín. Ẹ má gbà á. Ìgbóná 15 sí 25 dígírì lòun fẹ́ràn. Tó bá fi máa dé 35, ó ti ń kú. Ekòló tiwa ni kẹ́ ẹ béèrè, Eudrilus eugeniae, ọmọ bíbí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi jù ú lọ, ara rẹ̀ sì máa ń dán nínú ìmọ́lẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó mọ̀ ọ́n sá. Ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè gba etí ọmọrí jáde, kẹ́ ẹ wá bá a lórí ilẹ̀ ní gbígbẹ láàárọ̀. Ẹ tan iná sọ́là kékeré lé e lórí láwọn alẹ́ yẹn, torí ekòló ń sá fún ìmọ́lẹ̀, iná ìjọba ò sì ṣe é gbára lé. Àbọ̀ kílò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ṣa ekòló kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n o. Ilẹ̀ tútù wúwo.

Ibùsùn wọn: ẹ ya páálí tí kò dán ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbú ìka, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo agbára fún un, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jábọ́. Kó ga tó íńṣì 6, kẹ́ ẹ wá wọ́n ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ ọgbà kan sí i. Ekòló ò ní eyín. Yanrìn inú ilẹ̀ ló fi ń lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀, bíi ti adìyẹ.

Ìwé ìlànà ní ká máa fún wọn ní ìdajì ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́, ìyẹn 250 gíráàmù fún àbọ̀ kílò. Ìyẹn lè ṣeé ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n bá ti mọlé. Ẹni tó bá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìdin ló ń sìn. Ẹ fún wọn ní 300 gíráàmù lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ní gígé wẹ́wẹ́, ẹ rì í sábẹ́ páálí ní igun kan, kẹ́ ẹ lo igun mìíràn nígbà tó bá tún yá. Tí ti ìṣáájú bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fo oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ìbẹ́pẹ, igi ẹ̀fọ́, ewé tíì tí wọ́n ti lò: ó dáa. Ata, àlùbọ́sà, èèpo ọsàn, ẹran, ẹja, epo, iyọ̀: rárá. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Èyí táwọn èèyàn kì í kà sí ni àjẹkù ẹ̀bà àti ìrẹsì. Tó bá pọ̀ lójú kan, á kan, á sì máa gbóná, ni gbogbo ekòló á bá rọ́ lọ sára ògiri àpótí.

Òórùn àpótí tí ara rẹ̀ dá dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Tó bá ń rùn bíi gọ́tà, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò ráyè. Ẹ kó èyí tó ti jẹrà jù dànù, ẹ po páálí gbígbẹ mọ́ ìyókù, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ 7. Ṣíbí èèpo ẹyin lílọ̀ kan lọ́sẹ̀ máa ń pa kíkan. Kantíkantí ń wá torí oúnjẹ tí wọn ò rì mọ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn gbígbẹ tó nípọn lórí rẹ̀ lòògùn. Èèrà ní tiwọn, ibi gbígbẹ ni wọ́n ń wọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ sì ki ẹsẹ̀ àpótí bọ agolo mílíìkì tó ní omi ọṣẹ.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù káàtó jù ni ẹnu ẹ̀rọ yẹn. Wọn ò fi asẹ́ sí i, ilẹ̀dú sì máa ń dí i, ekòló tó bá já bọ́ sínú agbada á kú sómi. Ẹ fi àfọ́kù bíríkì sínú agbada kí wọ́n lè rí nǹkan gùn padà, kẹ́ ẹ sì máa fa omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Omi yẹn kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán táwọn òǹtajà ń pè é. Ẹ fi omi mẹ́wàá là á, ẹ dà á sídìí òdòdó, ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ní tútù.

Kẹ́ ẹ tó gbé abọ́ kejì lé e, ẹ rí i pé ìdí rẹ̀ kan ohun tó wà nísàlẹ̀ gan-an. Tí àlàfo bá wà, ekòló ò ní gòkè láéláé. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ da ti ìsàlẹ̀ sórí ọ̀rá níbi ìmọ́lẹ̀ tí kò sí oòrùn, ẹ kó o jọ bí òkìtì, kẹ́ ẹ máa bu orí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí wọ́n ṣe ń sá wọlẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Yábàá, ó tọ́ sí rírà. Ẹni tó bá ní àgbàlá, kó wá ike ọ̀dà lítà 20 méjì, kó lu ìdí ọ̀kan àti etí rẹ̀, kó fi àfọ́kù bíríkì méjì tì í lókè nínú èkejì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n á jẹ́.