Kàlẹ́ńdà ìtàn Texas tí mo fi ọdún kan gbáko ya: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ ló mú mi rà á. Ní Texas níbí, wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìpínlẹ̀ yìí ní kíláàsì kẹrin, wọ́n á tún padà sórí ẹ̀ ní kíláàsì keje. Kíláàsì keje lọmọbìnrin mi wà nígbà yẹn. Ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, àwọn wo ló jagun ní San Jacinto?" Títì San Jacinto tó wà láàárín ìgboro Houston nìkan lèmi mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ́ mọ́tò mi lọ nígbà kan. Ojú tì mí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí. Ní ìparí 2023, mo san dọ́là 16 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra kàlẹ́ńdà orí tábìlì ti 2024, èyí tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas nírú ọjọ́ òní sí ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ya tàná, ẹ ó ka tòní.

Bébà rẹ̀ dáa, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó fún ẹni tí kì í fẹ́ lo awò bíi tèmi. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, ewé ti ń já bọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo fi so ó títí ọdún fi parí.

Èyí tó dùn mí jùyẹn lọ ni pé Sátidé àti Sọ́ńdè jọ ń pín ewé kan ni. Bó ṣe bọ́ sí i lọ́dún 2024, Sátidé ni ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ọjọ́ tí Texas kéde lọ́dún 1836 pé òun ò sí lábẹ́ Mẹ́síkò mọ́. Sọ́ńdè ni ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọjọ́ tí Sam Houston, olórí ogun Texas, ṣẹ́gun Santa Anna, olórí ogun Mẹ́síkò, ní San Jacinto, nínú ìjà tí kò tó 20 ìṣẹ́jú. Ìbéèrè ọmọ mi gan-an rèé o, ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi dáhùn ẹ̀! Odindi ewé Túsìdeè kan ni wọ́n wá fi sọ fún wa pé ṣílì, ọbẹ̀ ẹran àti ata, ti di oúnjẹ ìpínlẹ̀ láti 1977.

Níbi tó ti dáa, ó dáa gan-an. Ewé ọjọ́ 10 oṣù kìíní mú wa lọ sí Spindletop, òkè kékeré kan lẹ́bàá Beaumont. Ó ti pẹ́ tí Pattillo Higgins ti ń pariwo pé epo wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ́dún 1901, epo tú jáde, ó ga ju 150 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ọjọ́ 9 kọjá kí wọ́n tó rí i dí. Mo sọ fún ọmọ mi pé 1956 ni wọ́n tó rí tiwa ní Oloibiri. Ó ní ṣé apá ibo ni Oloibiri wà ní Texas. Ọjọ́ yẹn ni mo lẹ máàpù Nàìjíríà mọ́ ara fìríìjì.

Èyí tí mi ò ní gbàgbé ni ti ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Lọ́dún 1937, ilé ìwé kan wà ní New London, lápá ìlà-oòrùn Texas, tí owó epo ti sọ di ọlọ́rọ̀. Kí ìnáwó lè dín kù, wọ́n fa gáàsì tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń wa epo wọnú ilé ìwé náà, kó lè máa mú un móoru. Gáàsì yẹn fúnra ẹ̀ ò lóòórùn. Ó ń jò sábẹ́ ilé, ẹnì kankan ò mọ̀, títí iná ẹ̀rọ kan fi ta sí i lọ́sàn-án. Èèyàn bí 300 ló kú, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin Texas pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń rùn sínú gáàsì. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ka èyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo gbé omi tíì kaná. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fimú finlẹ̀ yí sítóòfù ká bí ajá.

Wọ́n ṣe dáadáa fún Barbara Jordan náà ní ọjọ́ 21 oṣù kejì: ọmọ Fifth Ward ní Houston níbí, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Texas, lẹ́yìn ìbò 1966.

Àmọ́ kàlẹ́ńdà yìí ní àìsàn kan: ohun tí kò bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò rí i. Ó sọ fún wa (Sọ́ńdè tún ni, ìdajì ewé) pé ìjì kọlu Galveston, ìlú etí òkun, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1900, pé ó kéré tán èèyàn 6,000 kú. Ó parí síbẹ̀. Ìjì Beryl tó fi wá sínú òkùnkùn lóṣù keje ò tíì kúrò lára wa, nítorí náà èmi àti ọmọ mi lọ wádìí ohun táwọn tó ṣẹ́ kù ṣe. Wọ́n mọ odi kojú òkun, wọ́n sì gbé ìlú fúnra ẹ̀ sókè! Jáàkì ni wọ́n fi gbé ilé tó lé ní 2,000, wọ́n wa yanrìn lábẹ́ omi, wọ́n fi páìpù tú u sábẹ́ àwọn ilé náà. Láti 1903 títí dé nǹkan bí 1911 ni wọ́n fi ṣe é, orí pákó làwọn èèyàn ń gbà rìn láti ilé kan dé òmíràn. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kọ ìyẹn sí? Bẹ́ẹ̀ mo ti ń rìn lórí odi yẹn tipẹ́, mò ń jẹ àgbàdo, mi ò mọ ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti Juneteenth, àjọ̀dún òmìnira àwọn ẹrú, ló bí mi nínú. Ewé ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ní ìròyìn òmìnira pẹ́ kó tó dé Texas, bí ẹni pé oníṣẹ́ ṣìnà. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1863 ni ìkéde Ààrẹ Lincoln pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì ààbọ̀ kí Ọ̀gágun Gordon Granger tó gbé Àṣẹ Kẹta, èyí tó ní àwọn ẹrú Texas ti dòmìnira, jáde ní Galveston. Àwọn olówó ẹrú kúkú ń ka ìwé ìròyìn. Ọmọ ogun Àríwá, ìyẹn ti ìjọba Lincoln, tó máa fipá mú wọn ni kò tíì dé. Àwọn kan tiẹ̀ ti kó ẹrú wọn sá wá sí Texas torí pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà jìnnà síbẹ̀. Èèyàn bí 250,000 ló ṣì wà nínú oko ẹrú níbí. Àṣẹ yẹn kan náà ló ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó. Kàlẹ́ńdà ò sọ ìyẹn. Kò sì sọ pé lọ́dún 1872, àwọn tó ti bọ́ lóko ẹrú, pásítọ̀ Jack Yates wà lára wọn, dáwó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ éékà 10 ní Houston, kí wọ́n lè ríbi ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá àjọ rí mọ ohun tí ìyẹn gbà. Emancipation Park lorúkọ ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ni mo fi dán wọn wò. Lọ́dún 1917, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó wá ṣọ́ Camp Logan, ibùdó ológun kan ní Houston, ibi tó di Memorial Park lónìí, ti rí ìyà tó pọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá Houston. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ìbọn wọ ìgboro, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n yẹgi fún 13 nínú wọn láìfún wọn láyè láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn 6 mìíràn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn náà. 2023 ṣẹ̀ṣẹ̀ ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fagi lé ẹ̀bi 110 tí wọ́n dá fún wọn. Kí ni kàlẹ́ńdà kọ sí ọjọ́ yẹn? Bọ́ọ̀lù. Ọmọ mi gé bébà, ó kọ ìtàn náà fúnra ẹ̀, ó fi há abẹ́ rọ́bà.

Ṣé mò ń sọ pé kẹ́ ẹ má rà á ni? Rárá o. Bẹ́ ẹ bá lẹ́ni tẹ́ ẹ jọ máa jiyàn nídìí ògì àárọ̀, owó yín ò ṣòfò. Ẹni tó bá ń wá odindi ìtàn ni kó yáa lọ sí láíbùrárì. Èmi ti ra ti 2025, gọ́ọ̀mù rẹ̀ dà bíi pé ó le díẹ̀. Ọmọ mi já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i lọ tààrà sí ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ. Sátidé ni. Bọ́ọ̀lù náà ṣì ni, wọ́n tiẹ̀ ti gé e kù sí ìlà mẹ́rin. Ó ní kí n bá òun mú àlùmọ́gàjí wá.