Yàrá Àwòrán Vietnam Kan ní Àjàṣẹ́

Bàbá kan, ọmọ Kétu tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, ti sọ pálọ̀ rẹ̀ di ibi ìpàtẹ àwòrán òde òní láti Vietnam, ó sì ń gba àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán Sátidé. Mo dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ olóje igi kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sơn mài: wọn a kun oje náà ní ìpele lórí ìpele, wọn a jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ, wọn a wá fi omi ha á títí àwọ̀ tó fara pamọ́ nísàlẹ̀ yóò fi yọ. Èèpo ẹyin wẹ́wẹ́, bí èékánná ọmọ tuntun, ni wọ́n fi tò ìyẹ́ lékeléke inú rẹ̀. Bàbá ṣàlàyé pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní Hanoi, olú-ìlú Vietnam, ní ọdún 1925 ni oje tí wọ́n ń fi kun àwo tẹ́lẹ̀ ti di ohun ìyàwòrán. Ó ń tọ́ka sí i láì fọwọ́ kàn án, bí ẹni ń fi àkọ́bí rẹ̀ hanni. Ó dùn mí pé kò sí àkọlé lára ògiri, nítorí ó yẹ kí á mọ orúkọ àwọn ayàwòrán wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi bàbá, yóò dá yín lóhùn tayọ̀tayọ̀.